Ọmọ Tó Ń Fẹ́ Iná Lára Mẹ́dà Bàbá Àgbà

Ohun tí etí mi kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ nílé wa ní Ajah nígbà náà ni ohùn Ìyá Àgbà tó ń bá iná jà. Èèpo àgbọn la fi ń dáná, nítorí igi àgbọn pọ̀ lẹ́yìnkùlé wa débi pé a kì í ra igi ìdáná. Ṣùgbọ́n èèpo àgbọn tí ìrì bá ti sẹ̀ sí máa ń ya alágídí. Á máa rú èéfín ṣáá, kò ní gbiná, kò sì ní kú. Èmi ni wọ́n yan iṣẹ́ iná fífẹ́ fún, torí Ìyá Àgbà ní ẹni tó lè fi gbogbo ọ̀sán rojọ́ láìsinmi gbọ́dọ̀ ní èémí tó pọ̀ nínú. N ó kúnlẹ̀, n ó gbé ojú sún mọ́ ilẹ̀, n ó máa fẹ́ ẹ, omijé á máa dà lójú mi, Ìyá Àgbà á sì dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. "Rọra, Àbẹ̀kẹ́. Má fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń bínú. Ó ṣì wà láàyè níbẹ̀, ṣá máa pè é." Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ iná nìyẹn, bí ẹni pé èèyàn ni. Bí iná bá ti ràn, ìyókù ilé á jí. Ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ á máa dún lórí iyanrìn, Bàbá Kékeré, àbúrò olóògbé Bàbá Àgbà mi, á máa wúkọ́ ní yàrá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀. Bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ sápá ọ̀dọ̀ wa, a máa ń gbọ́ ìró òkun láti òdìkejì igbó. "Òkun ń sọ̀rọ̀," ni Ìyá Àgbà máa ń wí, á sì dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tí àgbà ń bá wí.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ìró mìíràn dé, tó bo ti òkun mọ́lẹ̀. Katapílà ni. Wọ́n ń la títì márosẹ̀ bọ̀ láti apá Èkó, títì tí àwọn àgbà ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ tipẹ́ tí wọn kò gbà gbọ́. Àwa ọmọdé máa ń sá lọ wò ó lẹ́yìn iṣẹ́ ilé, a ó jókòó lórí òkìtì iyanrìn, a ó máa wo bó ṣe ń fi eyín wú igi ńláńlá, igi tí àwa rò pé Ọlọ́run nìkan ló lè wú. Ṣàngótẹ̀dó ni mò ń gbé báyìí. Ibi tó kún fún ilé alájà àti ṣọ́ọ̀bù lónìí, àbàtà ni mo mọ̀ ọ́n sí, mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi nínú mọ́tò pé mo mọ títì yìí kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i. Wọn á ní, "Mọ́mì ti tún bẹ̀rẹ̀." Mo ti tún bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Títì náà dára, ṣùgbọ́n iwájú ilé wa ló máa gbà kọjá, iwájú ilé wa náà sì ni sàréè Bàbá Àgbà wà. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ kan èèkàn tí wọ́n kùn ní pupa mọ́ ẹ̀gbẹ́ sàréè náà gan-an, wọ́n sì fi sùúrù bẹ àwọn àgbà ilé pé kí wọ́n tètè gbé òkú wọn wọlé kí katapílà tó dé. Ẹbí ṣèpàdé, wọ́n fẹnu kò sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi àgbọn. Wọ́n fi àdúrà àti orin ṣe é, kò sí ìjà, kò sí wàhálà. Òkìtì iyanrìn àti àgbélébùú onígi ló wà lórí sàréè àtijọ́. Ní báyìí tí wọ́n fẹ́ ṣe tuntun, gbogbo wọn ní kí wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe é, kí wọ́n sì gbé òkúta kan dúró níbi orí rẹ̀ tí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ sí. Ibi ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo nǹkan ti dojú rú, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ.

Bàbá Àgbà ti fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ìjọba nígbà tí àwọn òyìnbó ń ja ogun wọn ńlá. Néfì ni gbogbo ilé ń pe iṣẹ́ náà. Ohun méjì ló mú bọ̀ níbẹ̀: àṣà kí ó ká ẹní rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, àti mẹ́dà kan, àmì ẹ̀yẹ tó rí roboto, tó pọ́n bí ẹ̀kúrọ́ tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Inú agolo mílíìkì ló ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó fi àkísà wé e, ó gbé e sórí àjà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló ṣe tí wọ́n fi fún un, "Omi mọ̀ ọ́n" ló máa ń fèsì, á sì yí padà sí àwọ̀n tó ń tún ṣe. Bó ṣe kú nìyẹn tí kò sọ. Èmi kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rántí ni ọwọ́ rẹ̀ tó le koko, àti bó ṣe máa ń fi ìka kan ṣoṣo fọwọ́ kan irun mi bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ti gbẹ.

Ṣùgbọ́n ilé Yorùbá kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìní ìtàn. Bàbá Kékeré, tí kò fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ogun rí, ló mọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fi ìbọn àgbá fọ́ ọkọ̀ Jámánì sí méjì lójú agbami, pé ọba òyìnbó fúnra rẹ̀ ló bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí ẹmu bá ti wọ̀ ọ́ lára díẹ̀, ọkọ̀ náà á di mẹ́ta. Ìtàn yìí ló sọ mẹ́dà náà di ohun ìsọmọlórúkọ nílé wa. Bí wọ́n bá ti fi omi, oyin, iyọ̀ àti obì kan ọmọ tuntun lẹ́nu tán, Bàbá Kékeré á bu omi sínú àwo, á rẹ mẹ́dà náà sí i, á wá fi kan iwájú orí ọmọ náà. "Wàá jagun, wàá sì ṣẹ́gun. Ọ̀tá á rí ọ, á sá." Gbogbo wa ni wọ́n ṣe é fún. Mo ti wo àwa tí wọ́n ṣe é fún láti ìgbà náà. Nọ́ọ̀sì wà nínú wa, télọ̀ wà, èyí tó ń ta símẹ́ńtì ní Awoyaya wà, ṣùgbọ́n kò sí sójà kan ṣoṣo. Kúnlé àbúrò mi, tí Bàbá Kékeré fi omi náà wẹ lórí dáadáa, dákú nígbà tó kọ́kọ́ rí wọn tí wọ́n ń pa adìyẹ ọdún.

Ohun tó ń ba ìtàn Bàbá Kékeré jẹ́ ni àwòrán ara mẹ́dà náà. Kì í ṣe orí ọba, kì í ṣe ìbọn, kì í ṣe ọkọ̀. Ọmọ kékeré kan ni, níhòòhò, ó di igi kan mú, ó gbé ẹnu sún mọ́ orí igi náà, ó ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Kò sí ọmọ ilé wa tí kò mọ ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe, torí ohun tí èmi ń ṣe láràárọ̀ ni. Bàbá Kékeré ní iná ìbọn àgbá ló fẹ́ ràn. Àmọ́ Ìyá Elépo, aládùúgbò wa tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ lọ, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa níbi ìsọmọlórúkọ kan, ó sì sọ tirẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. "Kúùkù ọkọ̀ ni bàbá yín. Ṣé ẹ ò rí ẹni tó ń fẹ́ná ìdáná ni?" Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbàgbé láti jẹ àkàrà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè wá ní ọmọ kúùkù. Mo bá méjì nínú wọn jà, wọ́n sì na èmi. Ní tèmi, nínú ọkàn mi, mo gbà pé èmi ni ọmọ tó wà lára mẹ́dà náà, pé Bàbá Àgbà ti mọ̀ pé mò ń bọ̀.

Bírìkìlà tó máa ṣe òkúta náà ń jẹ́ Ọ̀gá Sùlé, ará Ìwó, tó wá bá wọn kọ́lé ní gbogbo apá ọ̀dọ̀ wa. Ó lè fi ẹnu ìṣó kọ lẹ́tà sára símẹ́ńtì tútù kó dà bíi pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Bàbá Kékeré ti há ohun tó fẹ́ kó kọ sórí, ó sì dúró ní agboolé, ó ń kà á síta bí ẹni tó ń kéde: "Akọni ojú omi, apa-Jámánì-bí-ẹni-pẹja." Ìyá Àgbà wà lórí àpótí, ó ń rin ewùrà tó fẹ́ fi ṣe ìkọ́kọrẹ́. Kò gbójú sókè.

"Ta ló rí wọn?" ló bi í.

"Ta ló rí àwọn wo, Ìyá Fẹ́mi?"

"Àwọn Jámánì tí ọkọ mi pa."

"Àh, gbogbo ayé ló mọ̀."

"Èmi ò sí nínú gbogbo ayé yẹn o. Èmi tí mo bá a sùn tí mo bá a jí, kò sọ ọ́ fún mi. Ẹ ò ní kọ irọ́ lé ọkọ mi láyà, ẹ̀yin ọkọ mi kékeré. Òkú ò lè dìde sọ pé òun kọ́."

Bàbá Kékeré bá tirẹ̀ lọ, ó ń kùn. Èmi ló kù lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, mò ń ti iná. Ó ń rin ewùrà lọ, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, bó bá jẹ́ iyì ni, kí ló dé tó fi pa á mọ́ fún mi? Ohun ìtìjú ni èèyàn ń fi pamọ́." Ó tún rin ewùrà díẹ̀. "Bóyá ó jí i ni. Tàbí kó gbà á lọ́wọ́ òkú." Ọmọdé ni mí, mo bá ní bóyá kúùkù ni lóòótọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Mo ti wá dàgbà, mo ti lọ́kọ, mo sì mọ ohun tó ń dùn ún báyìí. Kì í ṣe ti òkúta. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, ẹ̀rù sì ń bà á pé ibì kan wà nínú rẹ̀ tí òun kò mọ̀, pé ibẹ̀ kò dára. Ní alẹ́ ó pe bàbá mi, Fẹ́mi ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà. Ó gbé agolo mílíìkì náà lé e lọ́wọ́. "Gbé e lọ bá àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀. Bó bá jẹ́ kúùkù, ẹ kọ kúùkù. Bó bá jẹ́ olè, ẹ má kọ nǹkan kan. Kí n ṣá ti mọ̀."

Bàbá mi mú mi dání, torí ìgbà ìsinmi ni, mo sì ti sunkún tó. A rìn káàkiri ní Èkó títí bàtà mi fi ń ta mí. Ọ́fíìsì tí a kọ́kọ́ dé rán wa lọ sí òmíràn, ìyẹn rán wa lọ sí òmíràn, ẹni tó wà níbẹ̀ yí mẹ́dà náà síwá sẹ́yìn, ó ní ó lẹ́wà, ó bi wá bóyá a fẹ́ tà á. Níkẹyìn, ẹnì kan júwe bàbá arúgbó kan fún wa ní Ọbáléńdé, tó ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ogun nígbà náà lọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dára mọ́. Ìyàwó rẹ̀ fún wa ní gààrí tútù àti ẹ̀pà kí ó tó bi wá ohun tí a bá wá. Bàbá náà gbé mẹ́dà tirẹ̀ jáde nínú àpótí, mẹ́ta ni, orí ọba wà lára wọn, aṣọ aláràbarà sì so mọ́ wọn lókè. Ó ní, "Ti ogun nìyí. Gbogbo wa ni wọ́n pín in fún bíi súìtì." Bàbá mi wá gbé tiwa fún un. Ó wò ó, ó ṣí fìlà kúrò lórí.

"Ta ni bàbá yín yọ?"

Bàbá mi ní, "Yọ níbo, sà?"

"Nínú omi. Wọn kì í fún èèyàn ní irú eléyìí torí pé ó pa ẹnì kan. Ẹni tó bá ti fi ẹ̀mí ara ẹ̀ wewu, tó fa ẹlòmíì yọ lẹ́nu ikú, ló ń gbà á. Ẹyọ kan ni mo rí rí, àyà òyìnbó kan ló sì wà."

"Ọmọ tó ń fẹ́ná yìí ńkọ́, sà?" Èmi ni mo béèrè. Bàbá mi fi ojú ṣẹ́ mi.

Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. "Ìyẹn ni n kò mọ̀, ìyá mi. Àwọn òyìnbó ní ohun tí wọ́n ní lọ́kàn."

Nígbà tí a délé, tí bàbá mi ròyìn, Bàbá Kékeré kọ́kọ́ ro àwọn Jámánì rẹ̀ tó sọnù, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Kò pẹ́ tó fi ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe máa ń sọ ọ́. Ìyá Àgbà ń gé ilá lọ́wọ́ nígbà náà. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìdílé apẹja ni wọ́n ti bí Ìyá Àgbà, ní etí omi, wọ́n sì ní èèwọ̀ kan níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ níbòmíràn. Ẹni tó bá yọ èèyàn lẹ́nu òkun kò gbọdọ̀ sọ ọ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí wọ́n yọ bá ṣì wà láàyè. Kò gbọdọ̀ sọ fún ọ̀rẹ́, kò gbọdọ̀ sọ fún ìyàwó. Wọ́n ní òkun létí. Bó bá gbọ́ ibi tí oúnjẹ tí wọ́n já gbà lẹ́nu rẹ̀ wà, á wá béèrè rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún wa díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú òwe tí gbogbo ilé mọ̀, pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Bàbá mi ló kọ́ ọ ní èèwọ̀ yẹn," ló wí, "lọ́jọ́ tó wá tọrọ mi. Ojú mi ló ṣe. Mo rò pé ó ń mi orí fún àgbà lásán ni."

Bàbá mi ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ báyìí, Màmá. Ọkàn yín ti balẹ̀."

"Kò tíì balẹ̀. Bàbá Ọbáléńdé sọ tiẹ̀, àmọ́ kò sí níbẹ̀." Ó jókòó, ó ń ro ó. "Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹni náà ń bẹ láyé. Ká ní ẹni náà kú ṣáájú ẹ̀ ni, ì bá ti sọ fún mi." Lẹ́yìn náà ó bojú wo bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bàbá kan wà tó máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Awoyaya ló ti ń wá, ó jẹ́ àgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán ló sì ń fi rìn nínú sùtánà rẹ̀ bí àwọn ìjọ wọn ti máa ń ṣe. Ohun tó ń mú wá ni àgbọn, àpò kan gbáko. Ẹ ronú sí i, ilé tí àgbọn ń já lu adìyẹ pa lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ni ẹnì kan ń gbé àgbọn wá fún. A máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ tó bá ti lọ, a sì ń pè é ní Bàbá Alágbọn. Ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà ni a rò pé ó jẹ́. Nígbà ayé Bàbá Àgbà, àwọn méjèèjì á jókòó pọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, wọn kò ní sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Nígbà tí Bàbá Àgbà kú, ó ṣì ń bọ̀. Ó ń jókòó níbẹ̀ nìkan, ó ń jẹun, ó ń lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í ní ìdí rẹ̀ rí, torí ìwà ọmọlúwàbí ni kí èèyàn má bi àlejò pé kí ló dé tó wá.

Ọdún yẹn, ó dé lọ́jọ́ tí katapílà ti wà níbi tí a ti ń rí ojú ẹni tó ń wà á. Ọ̀gá Sùlé wà lẹ́yìnkùlé, ó ti rẹ́ òkúta sàréè náà láti àárọ̀, ó ní òun gbọ́dọ̀ parí kí òun tó lọ síbi iṣẹ́ mìíràn lápá Lẹ́kkí, Bàbá Kékeré sì dúró tì í pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun tó fẹ́ kó kọ. Ìyá Àgbà ti fi ẹja gbígbẹ àti edé se ìkọ́kọrẹ́ tó dùn débi pé òórùn rẹ̀ nìkan ń mú wa gbé itọ́ mì. Òun kò lè béèrè, torí ẹni tó béèrè ti dárúkọ. Ó gbé àwo oúnjẹ sórí tíréè, ó gbé abọ́ omi ìfọwọ́ sí i, ó wá tú àkísà, ó sì fi mẹ́dà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Èmi ló gbé e fún. Mo gbé e lọ síwájú Bàbá Alágbọn.

"Ẹ jẹun, Bàbá," ni Ìyá Àgbà wí.

Bàbá Alágbọn ti ki ọwọ́ bọ omi kó tó rí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́, omi ń kán sílẹ̀ láti ìka rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ṣé ó wá sọ fún yín ni?"

"Kò sọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà wọ sàréè."

Àgbàlagbà náà wá sunkún. Kò fi ojú pamọ́. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó tẹjú mọ́ mẹ́dà náà. Ó ní àgbọn ni òun àti ẹ̀gbọ́n òun kó kún ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n ń lọ tà á ní Èkó. Ọkọ̀ òyìnbó ńlá kan kọjá níbi ẹnu omi, ìgbì rẹ̀ dojú tiwọn dé. "Ẹ̀gbọ́n mi rí àgbọn dì mú. Èmi rì. Ọkọ yín bẹ́ láti orí ọkọ̀ ìjọba, ó bọ́ sómi tòun ti bàtà. Nígbà tó fi máa gbé mi dókè, mi ò mí mọ́. Wọ́n ti fi aṣọ ìgbòkun bò mí lójú." Ó gbé mẹ́dà náà sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ èyí tó kù fún mi. Ó ní ọkọ yín ṣí aṣọ yẹn kúrò. Ó kúnlẹ̀ tì mí, ó fi ẹnu kan ẹnu mi, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí àwọn agbẹ̀bí ṣe ń fẹ́ ẹ sí ọmọ tí kò ké. Àwọn òyìnbó ní kó fi òkú sílẹ̀. Kò dá wọn lóhùn. Ó ń fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ, títí mo fi wúkọ́."

Mo wo ọmọ tó wà lára mẹ́dà náà, tó gbé ẹnu sún mọ́ igi tí iná ti kú lórí rẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bàbá Kékeré, tó ti wọlé láti ẹ̀yìnkùlé láìjẹ́ kí a mọ̀, wò ó títí pẹ̀lú, n kò sì gbọ́ kó dárúkọ ìbọn àgbá mọ́ títí tó fi kú. Ìyá Àgbà ń sunkún, inú rẹ̀ sì dùn, méjèèjì pọ̀ lójú rẹ̀ tí èèyàn kò lè yà wọ́n. Gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ fi pamọ́ fún un nìyẹn. Mo fẹ́ràn Bàbá Àgbà lọ́jọ́ náà ju ìgbà tó wà láyé lọ, ó sì dùn mí pé n kò fún un ní ìfẹ́ náà nígbà tó ṣì ń fi ìka kan irun mi.

"Ó yá, ó yá," ni Bàbá Kékeré wí, "símẹ́ńtì ò ní dúró dè wá. Ká kọ ọ́ gàdàgbà. Ó yọ ẹ̀mí lẹ́nu òkun."

"Ẹ kọ ọ́," ni Bàbá Alágbọn náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ mi sí i. Mo ti fẹ́ pariwo ẹ̀ látọjọ́ yìí wá, ọkọ yín ni ò gbà. Ó ní ilé àna òun, wọn kì í sọ ọ́. Èmi ọmọ Ọlọ́run ni, etí òkun yẹn la ti ń gbàdúrà, mi ò bẹ̀rù ẹ̀."

"Mo gbọ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹ̀yin ò bẹ̀rù. Ọkọ mi ló bẹ̀rù fún yín."

"Ìyá Fẹ́mi," ni Bàbá Kékeré bẹ̀bẹ̀, "òótọ́ lẹ ní ẹ ń wá. Òótọ́ ti dé yìí."

"Mo wá a kí n lè mọ̀ ni. Mo ti mọ̀. Ẹni tó pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún èmi ìyàwó ẹ̀ títí tó fi wọlẹ̀, ṣé èmi ni màá wá fi símẹ́ńtì tú u síta, kí gbogbo ẹni tó bá dé ẹ̀yìnkùlé máa kà á?" Ó dìde, ó fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu ojú. Ó ti tíréè náà sún mọ́ àlejò wa. "Ẹ jẹun, Bàbá. Ó ń tutù."

Ìyá Àgbà ti kú tipẹ́. Bàbá Alágbọn pẹ́ láyé jù ú lọ dáadáa, ó wá síbi ìsìnkú rẹ̀ pẹ̀lú sùtánà rẹ̀ àti ẹsẹ̀ lásán, ó sì gbé àgbọn wá. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Awoyaya ló kú sí nígbà tó yá, ara rẹ̀ gbẹ, kò sí omi nítòsí. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ báyìí. Ní ilé wa a ṣì ń fi mẹ́dà náà kan orí ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n àdúrà ti yí padà. Èémí gígùn la ń tọrọ fún wọn, kí wọ́n sì rí nínú rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí Bàbá Alágbọn sọ ọ́ yẹn, mo tẹ̀lé Ìyá Àgbà dé ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀gá Sùlé ti kọ orúkọ Bàbá Àgbà sókè òkúta, ó mọ́ tónítóní. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àyè ńlá wà tó ti rẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀. Ó di ìṣó mú lọ́wọ́, ó ń retí.

"Màmá, àyè yìí ńkọ́?" ló bi í. "Ó ti ń gbẹ o. Bó bá gbẹ tán, mi ò ní lè kọ nǹkan kan sí i mọ́."

Ìyá Àgbà wo òkúta náà. Lẹ́yìn náà ó wo ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí Bàbá Alágbọn jókòó sí, tó ti bu òkèlè, tó ń wá ẹja nínú àwo.

"Jẹ́ kó gbẹ," ló wí. "Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ṣì ń jẹun."